Omi Kànga Tí Ọlánípẹ̀kun Pè Ní Omi Ìkógòsì

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí irọ́ náà ti jẹ run kí òtítọ́ tó dé wá ńkọ́? Ọjọ́ tí dókítà sọ fún Ọlánípẹ̀kun pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, kò sunkún. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun pe Tiwaladé wá, pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú òun tí òun kò gbọdọ̀ gbé wọ sàréè. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti lé ọmọbìnrin náà kúrò ní ilé ìwádìí tí àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ ní Àjàó Estate. Jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́ ní Àgọ́ Palace báyìí, òun tó yẹ kí á máa pè ní dókítà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó wá sí ilé wọn ní Ire-Akari tòun ti ọsàn lọ́wọ́, ojú sì ti Ọlánípẹ̀kun láti gbà á.

"Jókòó, ọmọ mi. Má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí bí mo bá dúró, n kò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ṣé o rántí ohun tí o máa ń kọ́ mi bí mo bá ń fọ ìgò? O ní àwọn akíà, ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí, kì í ṣe bakitéríà, pé wọ́n tan mọ́ àwa ènìyàn ju bí a ti rò lọ. O ní jíìnì mẹ́ta ló ń pèsè egungun ràíbósóòmù wọn, ẹ̀rọ tí ń mọ purotéènì. Nínú àwọn kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ìyá nínú yàrá kan. Nínú àwọn mìíràn, èyí tó kéré jù ti kó jáde. O ní, 'Bàbá Albert, ibi tí jíìnì bá jókòó sí la fi ń mọ ibi tí ìdílé ti pín láyé ọjọ́un.' Omi tí mo kọ́kọ́ pọn wá láti orísun omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ Ìkógòsì, inú rẹ̀ lo ti rí akíà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́n ká, kálukú lọ́tọ̀. O fò mọ́ mi lọ́jọ́ náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo wá ṣe níbi.

"Wọ́n ní kí n lọ pọn òmíràn wá, kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ajínigbé kó èrò ọkọ̀ lọ́nà Èkìtì. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu káàkiri, ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fa omi kànga ẹ̀yìnkùlé yìí, mo bu ẹrẹ̀ gọ́tà díẹ̀ sí i kó lè jọ ti orísun, mo gbé e ka gáàsì títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo rọ ọ́ sínú fúláàsì."

"Akíà inú ẹrẹ̀," ni Tiwaladé wí pẹ̀lẹ́. "Ti inú ẹrẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni jíìnì wọn máa ń wà."

"Ohun tí wọ́n rí nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣíjúadé, ọ̀gá ilé ìwádìí wa, ní irọ́ lo fi kọ ti àkọ́kọ́."

Èyí tó burú jù kò tíì jáde.

"Níwájú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ, mo gbé Bíbélì, mo búra pé Ìkógòsì ni mo lọ. O kò bá mi jà. O ní, 'Ó ku ìgò kan ní firísà nínú omi àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìyẹn wò.' Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ firísà wà. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán tán, mo ti da omi náà sínú síǹkì. Mo ní iná tó lọ ti bà á jẹ́, mo ti dà á nù tipẹ́. Ò ń wo ọwọ́ mi, ó ṣì ń kán omi. Ìkà ni mí. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ mú mi purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ló da omi yẹn nù. Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa ni ojú máa tì, mo sì yàn pé kó jẹ́ ìwọ."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, káwọ́ lérí. Tiwaladé kò sunkún, kò sì bú u. Ó mú bírò àti ìwé àjákọ ọmọdé kan jáde nínú báàgì, ó ṣí ojú ewé tó mọ́.

"Dárí jì mí kí n tó kú," ni Ọlánípẹ̀kun ń bẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Gbogbo ẹ̀. Kànga, ẹrẹ̀, síǹkì. Kí mọ́mì fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí."

"Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi."

"Mo rí i, sà. Ẹ ṣáà má kú kí ẹ tó kọ ọ́ tán."

Ọlánípẹ̀kun gba bírò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ara rẹ̀.