Fèrè Tí Wọ́n Fi Kí Ọmọ Mi Káàbọ̀

Má fún mi ní àga! Mo ní má fún mi ní àga, mi ò wá jókòó, ara mi ò gbà á kí n fi ìdí kan ohunkóhun nínú yàrá yìí, àga tí òógùn oríṣiríṣi èèyàn ti gbẹ mọ́, tí ò sẹ́ni tó nù ún, pfù! Wo ilẹ̀. Wo díńgí. Wo bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ yánmayànma, bíi pé màlúù ló ń fi ahọ́n lá a. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, dúró síbi tí o wà yẹn, gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, kí àwọn èèyàn rẹ tó dé, kí o gbọ́ ohun tí o fi ọmọ mi ṣe.

"Kí ni mo ṣe?" Ó ń bi mí! Háà, Ọlọ́run, ó ń bi mí pé kí ni òun ṣe!

Ọmọ mi ò jẹun mọ́. Ṣé o ti gbọ́? Àkọ́bí mi, tó ń pè ọ́ ní bọ̀ọ̀dá kóòṣì, kò jẹun láti ìgbà tó ti jáde nínú jíìmù rẹ yìí. Omi ló ń mu. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Ẹ ṣé, Màámi," á fi ṣíbí lé e káàkiri inú àwo, bí mo bá ti kẹ̀yìn sí i báyìí, á dà á sínú ọ̀rá, á so ọ̀rá náà ní kókó, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òórùn ló tú u fó. Èmi ìyá ẹ̀ ni mo kúnlẹ̀, tí mo ń fa oúnjẹ tó ti kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, tí ìdin ń rìn lórí ẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ tinrin ná, kí n tó padà sí jíìmù."

Ó fẹ́ tinrin kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń tinrin! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kí aláìsàn ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbádùn ná, kí òun tó lọ sí ọsibítù! Rín in, ṣebí ẹ̀rín ń pa ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín náà ni wọ́n fi ń rín. Ṣùgbọ́n má rín in níwájú mi.

Ìwọ lo ní kí n mú un wá. Má gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́! Nígbà tó já láti orí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ wọn, tí orúnkún ẹ̀ yẹ̀, tó wà nílé tòun ti ẹsẹ̀ kan lórí ìrọ̀rí títí ó fi sanra, ṣé àbùkù nìyẹn? Ẹni tó bá jókòó sójú kan, kí ló fẹ́ kí ara ṣe? Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà ní ọsibítù sọ ọ́ létí mi pé tí kò bá lo ẹsẹ̀ yẹn, tí kò bá máa fi gbé ohun tó wúwo díẹ̀díẹ̀, orúnkún á gan, á sì máa tiro títí ayé. Títí ayé, àbúrò mi! Mo bẹ̀ ẹ́, mo tù ú, mo ra bàtà, mo fọwọ́ ara mi so okùn bàtà, nítorí ọmọ tí kì í fẹ́ kí ojú ó kan òun ni, tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn báyìí, á ti wọ yàrá lọ. Ìwọ wá sílé mi, o gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ mú un wá. Bí ẹyin la ṣe máa ń gbé ẹni tuntun." Bí ẹyin! O ò purọ́. Ẹ gbé e bí ẹyin lóòótọ́, ẹ wá là á mọ́lẹ̀ fọ́ọ́.

A dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ẹ̀ tutù. Mo ní, "Wọlé, ṣebí ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá ẹ ni." Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé tí o fi fọn fèrè. Píííí! Fèrè rẹfirí! Ọmọ mi fò sókè lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Àwọn tó ń sáré dúró, àwọn tó ń gbé irin jù ú sílẹ̀ gbàgà, wọ́n rọ́ wá, wọ́n yí i ká, tòógùn tòógùn, tèémí tèémí, abíyá lọ́tùn-ún, abíyá lósì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, "Ẹni tuntun! Ẹni tuntun!" Ọkùnrin tí ẹ ń pè ní Apá Irin yẹn, tó máa ń fẹnu ko apá ara ẹ̀ níwájú díńgí (ojú mi yìí ló rí i, ó fẹnu kò ó, ó tún wá tọ́ òógùn ètè ẹ̀ lá, èébì fẹ́ẹ̀ gbé mi), òun ló fi àtẹ́lẹwọ́ tó ń yọ̀ yẹn di ọmọ mi léjìká mú, tó tì í gun òṣùwọ̀n.

Kí ẹ wọn èèyàn, kò burú. Wọ́n ń wọn èèyàn ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì á wò ó, á kọ ọ́, á pa ẹnu ẹ̀ dé. Ìwọ lanu, o ké ìwọ̀n ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ síta bí ẹni ń lu nǹkan ní gbàǹjo! Wọ́n ní "Háààà!" Ẹnì kan súfèé. Lo bá mú ṣọ́ọ̀kì, o kọjú sí pátákó yẹn, o ní, "Ẹ̀yin ará ilé, orúkọ wo ni ká sọ ọ́?"

Nítorí pé àṣà yín nìyẹn. Ẹni tuntun ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Ibi tó bá ti ń dùn ún lára lẹ ó ti mú orúkọ fún un, ẹ ó kọ ọ́ sí pátákó, ẹ ó ní kó ṣiṣẹ́ títí orúkọ á fi bọ́ lára ẹ̀. Akọ̀wé tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ pè é ní Eegun Ẹja. Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí èémí ẹ̀ ń ṣe hẹlẹhẹlẹ, ẹ pè é ní Ẹ́ńjìnnì Dísù, àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ! Ó wá kan ọmọ tèmi. Apá Irin ló dáhùn. "Tírélà!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń fi ẹnu ṣe họ́ọ̀nù ọkọ̀, póòòò, póòòò, ẹlòmíì ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ yà, ẹ yà fún tírélà!" O sì kọ ọ́. O kọ ọ́ gàdàgbà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Yíjú, kí o wò ó!

Kí lo wí? Pé ẹ fi ń mú un lọ́kàn le ni?

Ọkàn ta ló le? Irú ọkàn wo ni wọ́n ń fi tírélà mú le?

Pé ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀n-ẹ́n! Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí lẹ́nu rẹ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, mo rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá yín pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀. Èmi tí mo bí i ni mo mọ ẹ̀rín yẹn. Bó ṣe máa ń rín in ní kékeré nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, kí ẹ̀rù má baà ba èmi. Ètè òkè ń rẹ́rìn-ín, ètè ìsàlẹ̀ ń gbọ̀n. O ò rí tìsàlẹ̀. Pátákó lò ń wò. Àwọn àgbà ní ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìwọ, o fi méjèèjì pàtẹ́wọ́!

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Mi ò rí i mọ́ láàárín wọn. Mo wá a dé yàrá tí ẹ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún débẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì tútù níhìn-ín, ìbọ̀sẹ̀ tó ti le gbandi lọ́hùn-ún, irun orí èèyàn wé mọ́ ibi tí omi ń gbà jáde, yéè, ara mi ń rìn! Ọmọ mi wà nínú ilé ìgbẹ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Obìnrin aránṣọ yẹn, tí ẹ ń pè ní Àgbá, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó sunkún tán. Inú ibẹ̀ yẹn lèmi náà ti sun tèmi." Mo ní, ṣé wọn ò ní orúkọ á bọ́ lára èèyàn tó bá ti ṣiṣẹ́ ni? Ó fa aṣọ ẹ̀ níbàdí, aṣọ ti fẹ̀ jù ú lọ yàlà, ó ní, "Ẹ wò mí, màmá. Mo tún jọ àgbá lójú yín? Mo ti fẹ́ẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ, Àgbá náà ni wọ́n ń pè mí." Gbọ́ ọ! Ẹran ara bọ́, orúkọ ò bọ́. Lo wá ń sọ fún mi pé gbogbo wọn ló gbádùn ẹ̀. Mélòó ló ti sunkún nínú ilé ìgbẹ́ yẹn, tó kúrò, tí ò padà wá mọ́? Ìwọ á ní wọ́n lẹ. Ọ̀lẹ ni wọ́n!

Ẹ̀n? Pé báyìí ni wọ́n ṣe gba ìwọ náà níbi tí o ti kọ́ṣẹ́?

Ìyẹn ló burú jù. Ajá bù ọ́ jẹ, o wá ń fi eyín dúró lẹ́nu ọ̀nà de ẹlòmíì.

Wò mí. Jẹ́ kí n rán ọ létí nǹkan kan, nítorí àwa méjì la wà níbí. O ti ń lọ sí girama, o ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Má wo ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gàn. Yàrá kan náà lẹ jọ ń sùn, ìwọ àti àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa, ẹlẹ́nu ṣọ́nṣó gbogbo. Ṣé wọ́n mọ̀? Ta ló ń jí kí wọ́n tó jí, tó ń rọra yọ ẹní lábẹ́ rẹ, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń wọ ṣòkòtò míì fún ọ, tí ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan? Ṣé mo fọn fèrè? Ṣé mo pe ará ilé jọ pé orúkọ wo ni ká sọ ọ́? Mo ní kí o dìde, mo ní ó ti tán. Nígbà tó yá, ó sì tán lóòótọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mú èèyàn lọ́kàn le, kóòṣì! Wọ́n ń bá a fọ ẹní ẹ̀ ni, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣé o fẹ́ sunkún ni? Mi ò wá gba ẹkún. Dìde. Nu pátákó yẹn. Kì í ṣe tówẹ́ẹ̀lì yẹn, jọ̀ọ́, ó ń rùn! Má pa ti ọmọ mi nìkan rẹ́. Gbogbo ẹ̀. Bàbá olùkọ́ náà lọ́mọ nílé. Nu ti aránṣọ dáadáa, ó ti pẹ́ tí ó ti ń dúró dè é.

Ta nìyẹn? Má tíì yíjú. Ọkùnrin kan ni, ó sígbọnlẹ̀, ikùn ẹ̀ ṣáájú ẹ̀ díẹ̀. Ó ti kọjá níwájú fèrèsé yẹn tẹ́lẹ̀, mo ń wò ó látinú díńgí. Ó tún ti ń padà bọ̀. Ó gbé bàtà tuntun dání nínú ọ̀rá, ó ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni pé ilẹ̀kùn máa bú u. Bọ́ fèrè yẹn lọ́rùn. Mo ní bọ́ ọ. Mú un wá níbí. Yéè, ó tutù, itọ́ ni! Kí ni mo fọwọ́ mi dì mú yìí, pfù, pfù! Lọ. Lọ bá a kó tó yí padà. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kí i bí èèyàn ṣe ń kí èèyàn.

Ẹ̀n... Ó dúró. Ó ń sọ orúkọ ẹ̀ fún un. Ó ti wọlé. Ẹ káàárọ̀ o, sà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má wò mí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí, mo kàn yà ni. Ẹ wọ bàtà yín.

Máa bọ̀ níbí, jẹ́ kí n sọ ọ́ sí ọ létí, kí bàbá yẹn má gbọ́. Ìyẹn dáa. Ẹnì kan nìyẹn, ó ku ti inú ilé. Tí ọkùnrin yìí bá parí, ti ilẹ̀kùn, ìwọ àtèmi là ń lọ. Wàá jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ mi. Má kan ilẹ̀kùn. Má wàásù. Pè é ní orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, kí o sì dákẹ́ títí tó máa fi ṣí i. N ó bu oúnjẹ sínú àwo kan fún ẹ̀yin méjèèjì, ṣíbí méjì. Tó bá jẹ, kí o jẹ. Bí kò bá jẹ, ìwọ náà ò ní jẹ, lónìí, lọ́la, lọ́túnla, mo fi ọmú tá a jọ mu búra, omi nìkan lo máa mu. Ká wá wo ẹni tó máa kọ́kọ́ tinrin nínú ẹ̀yin méjèèjì!