Ojú Ọ̀tún, Ojú Òsì, àti Tìróò Yèyé

Tèmítọ́pẹ́, gbé ọwọ́ kúrò lójú. Ju bébà tí o fi ń ha ojú yẹn sílẹ̀. Kí ni ojú ṣe fún ọ? Wá jókòó. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ súnmọ́ ibí.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo kéré ju ẹ̀yin yìí lọ, kò sí ohun dúdú ojú rẹ yìí tí ẹ ń pè ní maskárà ní Ìkẹ́rẹ́. Tìróò la ní. Àwọn Hausa ló ń gbé e wá ta. Ìyá bàbá mi, Yèyé là ń pè é, a máa pò ó mọ́ òrí díẹ̀ kó tó lé e. Ó ní tìróò tí kò bá ní òrí, òógùn ni yóò gbé e lọ. Oko kòkó ni arúgbó yẹn ń lọ o, tòun ti tìróò. Mo bi í léèrè, mo ní ta ló fẹ́ kó rí òun nínú oko? Ó ní, "Èmi fúnra mi."

Mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí Tíṣà ilé-ìwé wa mú mi pé èmi ni n ó ka ẹ̀kọ́ kejì nínú Bíbélì lọ́jọ́ Ìkórè. Ẹ gbọ́, ọmọbìnrin kankan kò tíì kà á rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bàbá mi, tí kò mọ ìwé, ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó mọ̀ títí dé Ìsẹ̀. Àmọ́ Tíṣà ní òfin kan. Ó ní, "Ọmọ tí mo bá rí tìróò lójú rẹ̀, kò ní dúró níwájú ìjọ."

Ní Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, wọ́n ń sin ìyàwó kan lọ láti agboolé wa. Mo yọ́ mú tìróò Yèyé. Mo lé e, mo tún lé e... Mo rẹwà, n kò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo bomi bọ́jú, dúdú náà kò kúrò. Mo tún bọ́jú. Kò kúrò. Agogo àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ti dún.

Kí ni mo ṣe? Mo mú ọṣẹ dúdú, mo mú kànìnkànìn tí a fi ń fọ ẹsẹ̀ tó bá ti oko dé, mo dojú kọ ojú ọ̀tún. Mo ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ọṣẹ wọlé. Nígbà tí n ó fi wo dígí, ojú ti pọ́n, ó ti wú, ó ti fẹ́ dí. Tìróò ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ràn káàkiri ni.

Ẹkún mi ló mú Yèyé jáde. Mo ní, "Yèyé, mo ti fọ́jú. N kò ní lè kàwé mọ́." Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó wò mí. Ó ní, "O ò fọ́jú. Ùkánjú lo fi ṣe é. Wọ inú ulé, má fọwọ́ kan èkejì."

Omi tó mọ́ ló kọ́kọ́ ń dà sí ojú ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, ó ní kí n máa ṣẹ́jú, títí ọṣẹ fi tán. Kò tún fi nǹkan mìíràn kàn án. Ó fi aṣọ funfun tó mọ́ bò ó.

Ó wá kan ojú òsì. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó bu òrí bíi hóró àgbàdo kan, ó fi ìka yọ́ ọ. "Di ojú." Mo dì í. Ó fi pa ìpéǹpéjú mi fẹ́rẹ́, kò jẹ́ kó wọ inú ojú. Lẹ́yìn náà... kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn jókòó. Mo ní, "Yèyé, ṣé o ti gbàgbé mi ni?" Ẹ má wò mí báyẹn, nílé wa nígbà yẹn, a kì í pe àgbà ní "ẹ". Ó ní, "Jẹ́ kó dé ibi tó ń lọ."

Ìgbà tó yá ló mú àkísà aṣọ tó ti gbó tó sì rọ̀, tó fọ̀ mọ́. Ó nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan. Ó yí aṣọ sí ibi tó mọ́, ó tún nù ún. Gbogbo dúdú yẹn bá aṣọ lọ. Kò ta mí rárá.

Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo gbàgbé ẹkún. Mo ní, "Yèyé, báwo ni òrí ṣe ń fọ ohun tí ọṣẹ ò lè fọ̀?"

Ó ní, "Bí oje àgbálùmọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọ létè, kí lo fi ń nù ún?"

Mo ní epo ni. Omi kì í ràn án.

"Kí ni mo fi ń po tìróò?"

Mo ní òrí ni.

Ó ní, "Ohun tó ní kó dúró, òun náà ni yóò bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ."

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà wo ojú òsì, ó mọ́. Ó nawọ́ sí aṣọ tó bo ọ̀tún. "Kí ló ṣe èyí?" Mo ní, "Ọṣẹ ni, sà." Ó ní kí n lọ kà á. Ojú kan ni mo fi ka ẹ̀kọ́ kejì, tìróò wà lábẹ́ aṣọ lójú kejì, Ọlọ́run nìkan ló rí i. Yèyé, tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì, dúró lẹ́nu fèrèsé títí mo fi parí.

Ìgbà tí wíwú ojú ọ̀tún lọ sílẹ̀ ló tó fi òrí nu ìyókù. Àmọ́ ẹ wá wò ó, ẹ súnmọ́ mi. Irun ìpéǹpéjú ọ̀tún kò tó ti òsì títí dòní.

Lónìí, wọ́n ní òjé, tí í ṣe májèlé, ń bẹ nínú tìróò mìíràn, kí a má fi sí ọmọdé lójú mọ́. Ó dára, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, gbogbo nǹkan lẹ fẹ́ kó kúrò kíá. Ẹ fi wákàtí kan lé e, ẹ fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan fà á tu... Ayé ti yí, ojú ò yí.

Tèmítọ́pẹ́, lọ fọ ọwọ́ rẹ, kí o bá mi mú òrí wá. Ó dáa. Di ojú. Má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó dé ibi tó ń lọ.