Bọ́njùù Tí Mo Fi Lé Israfil Kọjá Bọ́dà

Màmá Israfil, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Èmi Mashood ni, èmi tí mo fi epo bẹntiróòlù ṣíbí kan gun ọ̀kadà láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kútọnu, tí mo tún ta èyí tó ṣẹ́kù fún wọn lọ́hùn-ún. Irọ́ yẹn gan-an ló gbé ọmọ yín lọ. Mo fẹ́ sọ òótọ́ wàyí.

N kò dé Kútọnu rí. Ibi tí mo rìn jìnnà dé jù ni Ọ̀yọ́ tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n níbi tí èmi àti Israfil ti ń lẹ táìlì, bí mo bá ti ní, "Bọ́njùù, mùsíò," á tẹrí ba, á ní, "Bọ́njùù, pàtírọ̀ọ̀n," a ó wá máa fi imú sọ Faransé tí àwa gan-an ò gbọ́. Eré wa nìyẹn láti ìgbà tí a ti ń kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n máa kó àwọn tí kò níwèé padà sí òdìkejì bọ́dà, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn tìfuratìfura. Ẹni tó bá ra búrẹ́dì gígùn, wọ́n á ní ará ọ̀hún ni. Ọjọ́ tí àwọn Imigiréṣọ̀n dé ibi iṣẹ́ wa, wọ́n béèrè ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́? Mo ní ogójì ọdún ni mo fi gbé Kútọnu. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí. Ọ̀gá wọn ò tiẹ̀ ṣírò ó, ó ní kí n máa yẹ àwọn tó tò wò.

Ó kan Israfil. Ìkòyí-Ilé lẹ bí i sí, mo mọ̀, àmọ́ kò mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Mo ní, "Bọ́njùù, mùsíò." Ó rò pé eré wa ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba.

"Bọ́njùù, pàtírọ̀ọ̀n."

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ará ọ̀hún ni.

Ibí ni mo ti bàjẹ́, màmá. Bí mo bá ní eré ni, wọn á mọ̀ pé n kò gbọ́ nǹkan kan, bóyá wọn á gbá mi létí. Nítorí ìgbátí kan ṣoṣo, mo ní, "Ó dá mi lójú, sà."

Israfil ní, "Mashood, sọ fún wọn."

Mo yíjú sí garawa sìmẹ́ńtì. Wọ́n tì í sọ́kọ̀.

Lẹ́yìn náà, ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí níbi tó wà, mo máa ń ní ó ríṣẹ́ sí Ọ̀yọ́. Ẹ kì í jà, ẹ kàn ń wò mí lẹ́nu.

Ẹ mú ìwé yìí lọ bá àwọn Imigiréṣọ̀n kí wọ́n fi dá a padà. Mo ti tẹ àtàǹpàkò sí i nísàlẹ̀. Ẹ foríjì mí. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ ní Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí ẹ wọlé tọ̀ mí wá, tí ẹ na fóònù sí mi. Ohùn Israfil ni, fóònù oní-fóònù ló yá lọ́hùn-ún. Kò bú mi. Ó ní, "Bọ́njùù, mùsíò."

Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, "Dá a lóhùn."

Mo gba ojú fèrèsé sá wá sí Ọ̀yọ́. Bàtà mi kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.