Ìsàlẹ̀ Ilé Létí Omi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Oorun tó ń kùn mí yìí kì í ṣe ti ojoojúmọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn.

Ilé kan máa ń wá bá mi lójú àlá. Òkè òkun ló wà, létí omi. Aṣọ fèrèsé rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí àyà ẹni tó sùn; àbúrò mi obìnrin ń bomi rin òdòdó nínú rẹ̀. Owó tí mo yá ní báǹkì ni mo fi ra ilé náà. Òfin ibẹ̀ gbà kí onílé yọ èlé báǹkì kúrò nínú owó ilé tó ń gbà, kí wọ́n tó bu owó orí lé ìyókù. Ṣùgbọ́n apá tí ayálégbé ń gbé nìkan ni. Ayálégbé wà lókè. Àbúrò mi ń gbé ìsàlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdajì èlé ló tọ́ kí n yọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo yọ. Ojú ò tì mí.

Agbowó orí pè mí sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Bàbá, ta ló wà nísàlẹ̀?"

"Ayálégbé ni. Kì í sanwó ni."

"Ẹ pè é, kí èmi náà gbọ́."

Mo gbé fóònù sórí tábìlì. Àbúrò mi gbé e. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ jí dáadáa? Òdòdó yín ti tanná o."

Mo ní, "Owó ilé mi dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwàdà yín tún ti dé. Owó ilé wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Onílé rẹ ni mí. Kó ẹrù rẹ jáde."

Mo ń gbọ́ omi tó ń kán láti inú agolo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa, sà."

Agbowó orí ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Bàbá, ẹ mà le o. Ta ni kì í pe onílé rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n?"

Ǹ bá kàn jẹ́ ìpè "ẹ̀gbọ́n" yẹn ni. Kò sí ohun tí ì bá ṣe mí. Ìtìjú kò jẹ́ kí n pè é padà, títí ó fi kó jáde.

Mo ti san owó ìjọba padà. Ti àbúrò mi ló kù. Òun ló jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi yẹn. Nígbà tó wọlé láàárọ̀, ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, sà."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín nítorí ìdajì èlé. Àbúrò mi, dárí jì mí. Pè mí bí o ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀, kí n lè sùn.