Ẹ Pa Mábẹ̀rù Láìda Dáìsì

Rárá o, Bùọ̀dá Olúsànyà, ẹ má tíì ṣí i, ẹ jẹ́ kí páálí yẹn wà lórí itan yín níbẹ̀, ẹ má gbé e lé tábìlì mi! Mo ti gbọ́ pé eré tuntun ni, mo ti gbọ́ pé àbúrò yín ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, mo ti gbọ́ pé ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Mojọlá tí a jọ máa ń ṣeré ti ro gbogbo rẹ̀ fún mi tán ní ìsọ̀ mi l'Ọ́jà'ba lánàá, níwájú oníbàárà, ẹ̀rín ló sì fi ń sọ ọ́. Ó ní, "Kúbúrá, ìwọ náà wá bá wa bẹ̀rẹ̀ tuntun, a ti parí ti àtijọ́, Mábẹ̀rù ti kú, ikú akin ló sì kú." Mo ní kí lo wí? Ó tún un wí. Rọ́bà ìdí ṣòkòtò ni mò ń gé fún oníbàárà lọ́wọ́, àfi ìgbà tí ìyẹn pariwo ni mo rí i pé mo kàn ń gé e lọ láìdúró ni.

Ẹ pa Mábẹ̀rù! Ẹ̀yin tí mo ń kúnlẹ̀ kí! Mo jókòó opó nínú yàrá yìí l'Óníyanrìn, mi ò gbọdọ̀ jáde, mi ò gbọdọ̀ lé tìróò, ẹ kóra yín jọ sídìí eré lẹ́yìn mi, ẹ pa á. Ẹ ò sì da dáìsì! Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ yí i mọ́ mi lọ́wọ́, wàláì, ẹ ò da dáìsì!

Ta ló tiẹ̀ mú eré yẹn wá bá yín ná? Ṣebí Yésúfù ọkọ mi ni. Ọdún tí náírà já, tí àwọn òyìnbó ń kẹ́rù wọn padà sílé, òyìnbó Bódìjà tó máa ń bá tún fìríìjì ṣe lu ẹrù rẹ̀ ní gbànjo, àwọn èèyàn ń du bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń du ìkòkò, òun gbé páálí kan tí kò lọ́mọrí, ìwé ló wà nínú rẹ̀ àti dáìsì abàmì tí ojú ẹ̀ pọ̀ ju ti lúdò lọ. Ó gbé e tọ̀ yín wá, ó ní ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá wa kà á. Ẹ kà á, ẹ di apàlọ́ wa. Ẹ ó sọ ohun tí a bá pàdé lọ́nà, kálukú wa á sọ ohun tí ẹni tó gbé wọ̀ máa ṣe, dáìsì á sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ní Bẹẹrẹ, láàárín àwọn fìríìjì tó ti kú. Ìyá ọkọ mi ní tẹ́tẹ́ ni, ó gbé ẹjọ́ lọ bá Ààfáà, a fara da ìyẹn náà. Ẹ̀yin fúnra yín sì ni, Bùọ̀dá, ẹnu yín yìí lẹ fi sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé apàlọ́ ò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni, dáìsì ló ń pani. Àbí mo purọ́?

Ẹ mọ Yésúfù. Nínú ilé, "o kú iṣẹ́" ni, "oúnjẹ ti jinná?" ni, ó parí. Mi ò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, agbo ilé wa sì kún, kànga kan, àgbàlá kan, etí ìyá ọkọ mi ò sì kúrò lára ògiri, ibo ni tọkọtaya ti fẹ́ sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n tó bá di Sọ́ńdè, tó bá ti gbé Mábẹ̀rù wọ̀, háà! Mábẹ̀rù tí ẹ̀rù ń bà ju gbogbo wa lọ, tí kò mọ odò wẹ̀, tó sá fún ewúrẹ́ lójú gbogbo wa! Èmi ni Àǹkẹ́ atukọ̀, èmi ni mò ń tu yín kọjá. A ó ti gúnlẹ̀ sí òdìkejì tán, Mábẹ̀rù á ní òun gbàgbé fìlà, òun gbàgbé àpò, kí Àǹkẹ́ tu òun padà. Ó bẹ̀rù omi o, síbẹ̀ kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi. Ẹ̀yin lẹ ní, "Yésúfù, odò yìí ò ní jẹ́ ká débi tí à ń lọ." Ẹ rántí?

Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn yẹn ńkọ́? Ẹ ní ká máa lọ, ó ní ẹ dúró ná. Ó dìde. Ó ní, "Àǹkẹ́, mo fẹ́ fẹ́ ẹ." Mojọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe ìyàwó ẹ tó ń se ọbẹ̀ fún ẹ nìyí ni. Kò wo Mojọlá. Èmi ló ń wò. Bùọ̀dá, ẹ gbọ́ mi dáadáa o, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Baba mi àti baba rẹ̀ ló sọ ọ́ láàárín ara wọn lẹ́yìn ìrun, wọ́n so yìgì, èmi wà ní yàrá ẹ̀yìn láàárín àwọn obìnrin, ìgbà tí mo gbọ́ "àmín" ni mo mọ̀ pé mo ti lọ́kọ. Kò sẹ́ni tó gba ìṣíhùn lẹ́nu mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, ibi tí nǹkan bá ti lọ bó ṣe yẹ, ọkùnrin á bẹ̀bẹ̀, obìnrin á jẹ́ kó lọ kó bọ̀, á jẹ́ kó dúró, ọjọ́ tó bá wù ú ló máa ṣíhùn fún un. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Mábẹ̀rù, ìwọ lọ ná, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ n ó dá ọ lóhùn." Àǹkẹ́ lè pè é ní ìwọ, èmi ò tó bẹ́ẹ̀ nílé. Inú rẹ̀ dùn! A jọ gba Mápó wálé, ó bá mi gbé àpò, a ò sọ nǹkan kan lójú ọ̀nà. Kò sì béèrè nílé. Ó ń dúró de Sọ́ńdè ni.

Ọjọ́rú ló kú. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kú ewu ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun lọ tún fìríìjì ṣe ní Mọ́lété, wọ́n ní ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní kí wọ́n fún òun lómi, wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi tán. Àwa Mùsùlùmí, òkú wa kì í sùn. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i, ó ti wọlẹ̀ kí oòrùn tó rọ̀. Mọ́lété yẹn náà ni ọkọ̀ wa gbà wọlé o, mo sì ra búrẹ́dì fún un níbẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin ń ké, mo gbé búrẹ́dì lọ́wọ́, mò ń wá ibi tí n ó gbé e sí. Obìnrin kì í sì í tẹ̀lé òkú lọ sí itẹ́. Nítorí náà títí di òní, ohun tí wọ́n wí fún mi ni mo gbà gbọ́, mi ò rí nǹkan kan. Mo ní ìnnà lílláhì. Ọlọ́run ló mú un, mo gbà, ta ni mo jẹ́? Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ta ni kí n sọ fún pé mo gba tiyín?

Ẹ̀ ń wojú mi. Ẹ̀ ń wò ó bóyá n ó sunkún. Ẹ má ṣèyọnu, kò sí níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti wò ó títí ó ti sú u, ó ní irú ojú wo ló gbẹ báyìí. Kì í ṣe pé mo yájú sí ikú. Ẹ ti jókòó lé ẹsẹ̀ yín rí títí ó fi kú, tí ẹ fọwọ́ kàn án tó dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn? Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Mò ń jẹun, mi ò mọ iyọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní opó ti pé, kí n wẹ̀, mo wẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ tó dáa, mo wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ní Sàláúdéènì àbúrò rẹ̀ ṣe tán láti ṣú mi lópó, wọ́n ní mo ṣì kéré, mi ò sì tíì bímọ, pé tuntun la fi ń gbàgbé àtijọ́. Mo ní mo gbọ́. Kò dùn mí, kò bí mi nínú, àfi bíi pé wọ́n ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà wá gbé tuntun tiyín dé. Ṣé gbogbo yín jọ pàdé sọ ọ́ ni?

Sọ́ńdè nìkan ni mo fi ń mọ ọjọ́ nínú opó yẹn. Tó bá ti di ọ̀sán, mo mọ̀ pé Mábẹ̀rù wà létí odò, ó jókòó, ó ń dúró dè mí. Orí mi pé o, Bùọ̀dá! Mo mọ̀ pé ọkọ mi kú. Ṣùgbọ́n Mábẹ̀rù ò kú, kò sẹ́ni tó pa á, ó wà níbi tí mo fi í sí. Mo ti mọ ohun tí n ó sọ fún un, mo ti ń sọ ọ́ sábẹ́ ẹnu. Mo ní bí mo bá ti jáde, n ó wá sí Bẹẹrẹ, ẹ ó bi mí pé kí ni Àǹkẹ́ ṣe, n ó sì dìde.

Kí lẹ wí? Ẹ ní ẹ rò pé bí mo bá bá a níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa gbé e wọ̀, ọgbẹ́ ni yóò dá sí mi lára? Ẹ káàánú mi. Ẹ ṣeun. Ẹ ní ó di okùn afárá mú kí ẹ̀yin tó kù lè sá kọjá, ó sì ń kọrin bó ṣe ń rì lọ. Mábẹ̀rù! Mábẹ̀rù tí kì í tẹsẹ̀ bọ omi! Ta lẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá da dáìsì yẹn, kò sí ojú tó lè yọ tí kò ní sá, yóò fi yín sílẹ̀ sórí afárá níbẹ̀, yóò sá wá sínú ọkọ̀ mi, yóò wá máa purọ́ fún mi pé òun ń wá fìlà òun! Ẹ sọ ọ́ di akin. Ó bẹ̀ yín ni?

Ẹ tún wí i kí n gbọ́. Ẹ fẹ́ jí i? Ẹ fẹ́ ká padà sí Sọ́ńdè yẹn, ká ní gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀? Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi o. Ẹni tí ẹ fi àánú pa, tí ẹ tún fi àánú jí, èwo ni mo fẹ́ fi ṣe nínú ẹ̀? Ó ti kú. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ dìde lórí ilẹ̀, ẹ̀yin àgbàlagbà, ìyá ọkọ mi á wọlé á ní kí ni mo fi ṣe yín.

Ẹ ṣí páálí náà.

Mo ní ẹ ṣí i, kí lẹ gbé e wá fún? Dáìsì bíi ti lúdò lásán rèé? Ìwé náà nìyí. Mojọlá ní ẹni inú ti àtijọ́ ò lè wọ inú rẹ̀, òótọ́ ni? Ó dáa, Àǹkẹ́ dúró síbẹ̀ nìyẹn. Irú èèyàn wo wá ni kálukú lè jẹ́? Ohunkóhun? Ẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tó ti bá mi láyé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ti bá mi yẹn, ẹnikẹ́ni ò wá lè fi dáìsì yí i padà? Apàlọ́ náà ò lè fọwọ́ kàn án? Ẹ fi Ọlọ́run búra. Ẹ búra dáadáa. Ó dáa, ẹ mú báírò.

Ẹ kọ ọ́ pé obìnrin ni, ó ń tu ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ó lọ́kọ rí, ojo ni ọkọ náà, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo ayé, obìnrin náà sì jẹ́ kó dúró dáadáa, kó tó wá ṣíhùn fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn kó tóbi, kò tóbi tó, ẹ tún un kọ. Kí lẹ̀ ń wò mí sí? Orúkọ ọkọ? Ẹ wá ń bi mí lórúkọ ọkọ! Mábẹ̀rù ni, òkú sì ni, ẹ ò lè ní òkú náà ò gbọdọ̀ wọlé. Èmi ni opó rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n bá yín jókòó ní Sọ́ńdè, ẹ lọ sọ fún Mojọlá, kí ẹ̀yin náà sì gbọ́: ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí tábìlì yẹn, kó kọ́kọ́ kí mi kú àráfẹ́rakù ọkọ mi, kó tó fọwọ́ kan dáìsì.