Orúkọ Kan Tí Mo Yọ, Kànga Kan Tí Wọ́n Dí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àdúrà tí obìnrin kan ṣe fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Títẹ̀wé ni mo kọ́, òun ni wọ́n fi gbà mí sí ọ́fíìsì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi kànga wò. Èmi ni mò ń tẹ ohun tí wọ́n bá rí nínú omi sínú kọ̀ǹpútà, kànga kan, ìlà kan. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń to orúkọ àwọn tó ni kànga síwájú ìlà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ìlà náà pọ̀ lọ súà. Mo to orúkọ títí, ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní orúkọ kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ìbejì ni: ọ̀kan ní Ìmùṣin, ọ̀kan ní Ayépé. Àdúgbò wo ni kò ní Ìyá Ìbejì? Ó yẹ kí n fi ìlú wọn kún un. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ọ̀gá sì ń pariwo: "Akọ̀wé bí ìgbín, o ò tíì ṣe tán?"

Mo yọ ìkejì. Gbogbo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sún sókè ní ìlà kan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí nínú omi dúró síbi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i. Ìlà tó kẹ́yìn kò wá ní orúkọ. Mo hùmọ̀ ọ̀kan fi dí i. Ẹ̀rọ gbà. Ọ̀gá yìn mí.

Omi Bàbá Bírìkìlà ní Ayépé ló burú. Ṣùgbọ́n orúkọ Ìyá Rísí, aládùúgbò wọn tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tiwọn, ló ti bọ́ sórí ìlà wọn. Kànga Ìyá Rísí ni wọ́n wá fi símẹ́ńtì dí. Ẹni tó ń ṣe gàrí tà! Àwọn oníbàárà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Gàrí onímájèlé, a ò rà."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ọmọ-ọmọ Ìyá Rísí tó ru korobá. Mo bi í níbi tó ti pọnmi.

"Kànga Bàbá Bírìkìlà ni, bùọ̀dá. Wọ́n ní tiwọn ló dáa."

Mo sáré lọ bá Ìyá Rísí, mo ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà mọ́, mo sọ fún Bàbá Bírìkìlà náà. Mi ò sọ bí mo ṣe mọ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé mi lórí: "Ọmọ mi, orúkọ rẹ ò ní bàjẹ́."

Orúkọ tiwọn ló bàjẹ́ nítorí mi. Iṣẹ́ mi lè bọ́, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ọ̀gá ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ni, àbí Ìyá Rísí? Ẹnu wo ni n óò tilẹ̀ fi kí wọn?