Òkunmúwá, Ará Erékùṣù tí Ó Tẹ Agbo-ilé Wa Dó

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí òkun ṣì jìnnà sí ojúlé wa, tí ènìyàn ó rìn títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ kó tó fi ẹsẹ̀ kan omi, nígbà náà ni baba ńlá wa dé sí èbúté yìí. Kò fi ẹsẹ̀ rìn dé. Kò wa ọkọ̀ dé. Òkun ni ó gbé e wá, ó gbé e lé orí yanrìn bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ ẹrù ẹlẹ́rù kalẹ̀ tí ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Mákindé, fi àgbọn yẹn sílẹ̀. Etí ni a fi ń gbọ́ ìtàn, kì í ṣe eyín.

Makáríò ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu àwọn ará ibí kò gbà á, ni wọ́n bá ń pè é ní Òkunmúwá. Ilẹ̀ Filipíìnì ni ó ti wá, lọ́nà jíjìn, ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ilẹ̀ tí ó jẹ́ kìkì erékùṣù, òkun níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún. Ó bá ọkọ̀ aláṣọ kan lọ ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ńlá tí atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ rẹ̀ tí ó fi ń rìn. Ìyá rẹ̀ ń gbin ìrẹsì lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ó ń lọ. Ó ní, "Màmá, kí ẹ tó kórè, n ó ti dé." Ènìyàn ń sọ tirẹ̀, òkun ń sọ tirẹ̀. Ìjì fọ́ ọkọ̀ náà ní ọ̀kánkán ilẹ̀ wa. Òun nìkan ni ó yè é.

Àwẹ̀ró ni ó rí i. Àwẹ̀ró, ìyá ńlá wa, ọmọbìnrin tí ń bá ìyá rẹ̀ se iyọ̀ létí òkun. Ó rò pé òkú ni, àfi bí ó ṣe rí i tí ìka rẹ̀ ń ha yanrìn. Ó figbe ta: "Yèyé, ó ń mí! Ẹ wá bá mi gbé e!" Wọ́n gbé e wálé, wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọ́n po ẹ̀kọ fún un. Ó mu ún tán, ó wo ojú òkun, ó bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, odidi ọdún mẹ́ta ni kò fi gbẹ lójú rẹ̀. Ní àràárọ̀ yóò lọ dúró létí omi, yóò kọjú sí ìlà oòrùn, yóò káwọ́ sẹ́yìn. Yóò dúró bẹ́ẹ̀, yóò dúró bẹ́ẹ̀, títí oòrùn yóò fi máa ta á lójú. Bí Àwẹ̀ró bá pè é kí ó wá jẹun, yóò ní òun ń bọ̀. Kò sì ní í wá.

Nígbà tí ó gbọ́ èdè wa tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé. Ó ní ní ilẹ̀ àwọn, òkè kan wà tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí èéfín ń rú láti orí rẹ̀ tọ̀sán tòru, tí àwọn ènìyàn sì ń gbin àgbọn sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ó ní àwọn baba ńlá wọn kan fi ọwọ́ gé òkè ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, láti ìsàlẹ̀ títí dé inú ìkùukùu, wọ́n gbin ìrẹsì sí orí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, omi á máa ṣàn láti orí èyí sórí èyí. Bí ìrẹsì náà bá gbó, gbogbo òkè á máa dán bí idẹ. Ó ní ẹyẹ idì kan wà níbẹ̀ tí ń gbé ọ̀bọ jẹ. Ó ní ẹranko kan wà nínú igbó wọn, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ojú ni ó gba gbogbo orí rẹ̀, bí ènìyàn bá sì ń dà á láàmú, ìbànújẹ́ lè pa á. Ẹja kan wà pẹ̀lú, ó ní, tí ó gùn ju ọkọ̀ méjì lọ, ara rẹ̀ rí tótòtó bí ara ẹtù, kì í bu ẹnikẹ́ni jẹ, àwọn ọmọdé a máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn apẹja á máa rẹ́rìn-ín. "Òkunmúwá, pa òmíràn!"

Ó ní bí ẹnì kan bá fẹ́ kó kúrò níbi tí ó ń gbé, gbogbo àdúgbò á péjọ, wọ́n á ki ọparun bọ abẹ́ ilé rẹ̀, wọ́n á gbé ilé náà lé èjìká, tòrùlé tògiri, wọ́n á máa kọrin lọ. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ọwọ́ di ikùn mú.

Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orin wo ni wọ́n máa ń kọ?" Ó kọ ọ́ fún un. Kò gbọ́ èdè orin náà, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gbéyàwó.

Ẹ má rò pé ẹkún nìkan ni baba wa mọ̀ ọ́n sun o. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó rí i pé kò sí ọdún tí ìgbì kì í dojú ọkọ̀ dé, tí kì í gbé ọmọ ènìyàn lọ, nítorí pé ọkọ̀ wa nígbà náà tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbì bá ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Ó wọ igbó, ó gé ọparun, ó sá a sóòrùn, ó fi okùn so ó mọ́ igi, ó nà án jáde lọ́tùn-ún lósì ọkọ̀ bí ìyẹ́. Ó ní bí ọkọ̀ ilé àwọn ṣe rí nìyẹn. Ọparun àkọ́kọ́ fọ́. Okùn ti ìkejì já. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, oṣù méje ni ó fi ń tún un ṣe, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Àwọn ènìyàn sọ ọkọ̀ náà lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Adìẹ-fẹ́-fò.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ìjì ká àwọn apẹja mọ́ ojú òkun. Ọkọ̀ mẹ́ta dojú dé. Àwọn obìnrin ń ké létí omi, kò sì sí ọkọ̀ tí ó lè la ìgbì náà kọjá. Òkunmúwá ti Adìẹ-fẹ́-fò sómi. Àwẹ̀ró di apá rẹ̀ mú, oyún àkọ́bí wà nínú rẹ̀.

"Òkun yìí ti gbé yín lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ tún fẹ́ kó gbé yín lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ó gbé mi, ìwọ àti Yèyé yọ mí," ni ó dáhùn. "Ta ni yóò yọ àwọn yẹn?"

Ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó lọ, ó sì kó ènìyàn mọ́kànlá bọ̀, ọmọ Baálẹ̀ wà nínú wọn. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ìka rẹ̀ ti le mọ́ àjẹ̀, wọ́n ní láti máa tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ fún un ní ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí, láti etí òkun dé ọ̀sà. Ibí ni ó kọ́lé sí, ibí ni wọ́n sì bí Sísílià, àkọ́bí wọn, sí. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ní wọ́n ń gbé ilé rìn nílẹ̀ àwọn, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, baba."

Ó di ọdún kẹsàn-án, ọkọ̀ aláṣọ kan dúró lọ́kàn òkun, ó ń wá omi mímu. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré wá sí èbúté. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá olórí funfun kan, rí ọkọ̀ oníyẹ̀ẹ́ lórí yanrìn, ó dúró gbagidi. Ó fọwọ́ pa ọparun náà. Ó ké ní èdè kan. Òkunmúwá tí ó jókòó tí ń tún àwọ̀n ṣe gbọ́ ọ, àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ní ilẹ̀ wọn, ọmọdé kì í dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Yóò tẹrí ba, yóò gba ọwọ́ àgbà, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀, àgbà á sì súre fún un. Ohun tí baba wa sáré lọ ṣe nìyẹn. Ó gba ọwọ́ bàbá náà, ó fi kan iwájú orí, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ambúrósíò ni orúkọ bàbá náà, erékùṣù rẹ̀ kò jìnnà sí ti baba wa. Ó ní, "Mo mọ ìyá rẹ. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò ríran mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, wọ́n á fà á lọ́wọ́ wá sétí omi, yóò na ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ á gbà á, á fi kan iwájú orí. Ó ń fi ọwọ́ wá iwájú orí rẹ."

Ọ̀gá ọkọ̀ gbà láti mú un lọ, ó ní bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, àwọn ń lọ. Àwẹ̀ró gbọ́. Ó wọlé, ó di ẹja gbígbẹ, ó di iyọ̀, ó di aṣọ méjì, ó gbé e jáde.

"Ẹ gbà, Baba Sísílià. Ẹ lọ rí ìyá yín. Èmi náà ní ìyá."

"Ìwọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Bí ẹ bá lọ, àwa la ó máa retí yín. Bí ẹ kò bá lọ, ìyá yín ni yóò máa retí yín. Ẹnì kan ṣáà ni yóò máa retí."

Ó wọ ọkọ̀ kékeré náà. Ó wọ̀ ọ́, n kò ní í parọ́ fún yín. Wọ́n wà á dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí Àwẹ̀ró létí omi, tí ó káwọ́ sẹ́yìn, tí ó dúró ṣinṣin, àwọn ọmọ mẹ́ta rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Baba wa mọ ìdúró yẹn. Ta ni ìbá mọ̀ ọ́n jù ú lọ?

Ó ní kí wọ́n dáwọ́ àjẹ̀ dúró. Ó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú Ambúrósíò, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan iwájú orí, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín yìí ti kan iwájú orí mi. Bí ẹ bá délé, ẹ fi sínú ọwọ́ ìyá mi. Ẹ sọ fún un pé òun ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àkọ́bí sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kí ó má bínú sí mi." Ó bẹ́ sómi, ó lúwẹ̀ẹ́ padà.

Ṣé Ambúrósíò délé? Ṣé ó bá ìyá náà láyé? A kò mọ̀. Kò sí ọkọ̀ tí ó mú èsì wá. Baba wa retí rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, inú agbo-ilé yìí ni ó sì sùn sí.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, bí ó ṣe ń ti inú omi jáde, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, Sísílià ọmọ rẹ̀ tí ó ti ń wo gbogbo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ bá a. Kò kúnlẹ̀. Ó gba ọwọ́ baba rẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀, ó fi kan iwájú orí. Baba wa súre fún un ní èdè ilé rẹ̀. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ Òkunmúwá, bí a bá dọ̀bálẹ̀ tán, bí a bá kúnlẹ̀ tán, a ó tún gba ọwọ́ àgbà fi kan orí. Ẹni tí ó bá sì ń rìnrìn àjò nínú ilé yìí gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ gbogbo ẹni tí ó bá jù ú lọ kí ó tó jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi Tẹniọlá, ìyá Ìbídùn, ṣe lọ́jọ́ tí ó ń lọ sí òkè òkun, ó pé ọdún mẹ́fà báyìí. Mọ́tò ń fun fèrè níta, ó yí gbogbo agbo-ilé po, ó gba ọwọ́ mẹ́tàdínlógún. Tèmi ni ó gbà kẹ́yìn.

Ìbídùn, ìyá rẹ pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n bá òun fọwọ́ kàn ọ́. Dìde níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Gbé orí rẹ wá.